Dá Ọ̀rọ̀ Náà Padà

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi bá Dókítà Aríyìbí tẹ̀wé
ní yàrá kan tó ń jò, lójú ọ̀nà Ìwòrókò, l'Adó.
Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún wa kò gbọ́ ohùn:
ọkọ, ọkọ́, ọ̀kọ̀, ọ̀kan náà ni lójú irin.
Bírò ni mo fi ń fi àmì sí wọn lórí
lẹ́yìn aago mẹ́rin, nígbà tí ọ́fíìsì bá dá.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ ìtàn ọba,
wọ́n ń kọ ìtàn ogun, wọ́n ń gba oyè ọ̀jọ̀gbọ́n.
Òun, obìnrin burúkú ló ń wá kiri,
àwọn tí ìlú fi ń dẹ́rù ba ọmọ tí kò fẹ́ sùn.
Inú ìwé kóòtù ìbílẹ̀ ló ti ń rí wọn,
ìwé tí ikán ti jẹ létí,
tí à ń fi ìka ṣí bí ẹni ń ṣí ẹ̀kọ gbígbóná.

Ọ̀tọ́lórìn, tó kọ ọkọ mẹ́fà,
tó san owó orí padà fún márùn-ún,
tó ní ẹ̀kẹfà ló jẹ òun ní gbèsè.
Ìbílọlá, tó ri ìkòkò ògógóró
mọ́ abẹ́ pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì,
tí àlùfáà kúnlẹ̀ lé lórí fún ọdún méjì.
Ìbísànmí ará Ìlawẹ̀,
tó da ata lílọ̀ sójú akọ̀wé owó-orí.

Níbi tí wọ́n ti dájọ́ Ìbílọlá,
akọ̀wé kóòtù kọ ọ́ gbàgàdà: *aṣẹ́wó*.
Ọwọ́ mi kọ̀. Mo tẹ *oníṣòwò* sí i.
Mo rò pé oore ni mo ṣe.
Dókítà kà á, ó bọ́ jígí ojú rẹ̀.
"Adélúsì, ta ló rán ọ níṣẹ́ àánú?
Dá ọ̀rọ̀ náà padà.
Ẹni tó kọ ọ́ ló ni ín.
Bí o bá fọ̀ ọ́, ọwọ́ tirẹ̀ ni yóò mọ́,
kì í ṣe ti obìnrin yẹn."

Nígbà tí ìwé jáde, ọkùnrin kan fi ọkọ̀ dúdú wá,
ó gbé àpòòwé lé tábìlì:
kí á bá wọn yọ orúkọ ìyá bàbá wọn.
Dókítà bu omi fún un, ó dá àpòòwé rẹ̀ fún un.
"Màmá yín kò sá ní kóòtù. Ẹ̀yin ló ń sá."

Ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá arúgbó kan dé láti Ìlawẹ̀,
ó gbé iṣu mẹ́ta lérí, ó fi ọ̀rá wé ìwé wa.
Mo ní ìjà tún dé.
"Ẹ kọ ọ́ pé akọ̀wé kan ni iye mi da ata sí lójú.
Méjì ni! Èkejì sá wọ oko kòkó, iye mi lé e débẹ̀.
Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Ata yẹn ta èmi náà lójú."
Ó ń bínú gan-an.
Dókítà ti ń wá pẹ́ńsù lábẹ́ bébà:
"Ẹ jókòó, Màmá. Irú fìlà wo ló dé?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìgbìmọ̀ kò gbé e ga.
Wọ́n ní ìtàn ẹ̀yìnkùlé ni.
Ó fẹ̀yìn tì láìjẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n,
owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ṣì wà lọ́nà títí di òní.
Iṣu yẹn la gún jẹ lọ́jọ́ tó kó ẹrù rẹ̀.

Lánàá, wọ́n ní kí n tún fáìlì rẹ̀ tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà.
Ní ojú ewé kẹtàlá, ẹnìkan kọ ọ́ sí i:
*olóríkunkun obìnrin*.
Ọwọ́ mi dúró díẹ̀.
Lẹ́yìn náà mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà,
mo fi àmì sí gbogbo ohùn rẹ̀,
mo sì tẹ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sí ìdí rẹ̀.